Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ Àwá Dé, Àfi ní Monowi

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í. Mo kúrò ní Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní Amẹ́ríkà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gba Fremont, mo gba Norfolk, mo yà sí apá àríwá títí mo fi já sí títì 12 nítòsí odò Niobrara. Ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin ni. Téèyàn bá ti kọjá Norfolk, àgbàdo lọ́tùn-ún, màlúù lósì, pẹ̀lú àwọn ìlú kéékèèké téèyàn yóò ti jáde nínú wọn kó tó rántí pé òun wọ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, mo rí bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n kọ MONOWI sí i. Lábẹ́ orúkọ náà, wọ́n kọ 1.

Mo páàkì, mo ya fọ́tò rẹ̀. Ta ni kò ní ya á? Gbogbo ìlú tó wà ní Nebraska ló ní irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, orúkọ lókè, iye èèyàn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka Amẹ́ríkà ní 2010, Monowi nìkan ni ìlú tí òfin mọ̀ sí ìlú, tó ní ìjọba tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbé inú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ni. Òun ni olórí ìlú, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò. Òun ló ń tọ́jú ilé ìkàwé tí wọ́n kó ìwé olóògbé ọkọ rẹ̀ sí, òun náà ló ni ilé ọtí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti ta ọtí, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni ìwé yẹn ń gbà kọjá, òun ló máa fọwọ́ sí i. Owó orí tó bá tọ́ sí ìlú, òun ló ń san án, òun ló ń gbà á. Lọ́dọọdún, ó ní láti kọ ètò títì ìlú ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n lè fún un lówó iná ojú títì mẹ́rin. Ẹ fojú inú wo ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú náà. Ta ló dábàá? Èmi ni. Ta ló gbè é lẹ́yìn? Èmi náà ni. Àwọn baba wa ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Wọn kò dé Monowi.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ọtí, mo rí i pé wọ́n ti í pa. Ọjọ́ Ajé ni ìyá fi ń sinmi. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi wí pé wọn kì í yẹ nǹkan wò dáadáa kí wọ́n tó jáde nílé, èmi ni mo wakọ̀ wákàtí mẹ́rin wá wo ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, mo ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí ìyàwó mi dì fún mi, mo ń wo ìlú. Ilé tó ti wó wà lápá kan, igi ti gba àárín yàrá rẹ̀ jáde lójú òrùlé. Koríko ga tó èèyàn níbi tó yẹ kó jẹ́ títì àdúgbò. Afẹ́fẹ́ Nebraska kì í sinmi, ó kàn ń fẹ́ ṣáá, ó ń gbá páànù kan tí n kò rí mọ́ ara igi níbì kan. Gbogbo ariwo tó wà nílùú nìyẹn.

Nǹkan tó gbé mi débẹ̀ gan-an kì í ṣe 1 tó wà lára bọ́ọ̀dù. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni 2. Nígbà tí èsì ìkànìyàn 2020 jáde, èèyàn méjì ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ fún Monowi. Àwọn oníròyìn sáré lọ bá ìyá, ìyá sì sọ fún wọn pé òun kò mọ ẹnì kejì tí wọ́n ń wí. Bí ìlú kan bá fi ìlọ́po méjì pọ̀ sí i láàárín ọdún mẹ́wàá, tí olórí ìlú kò sì gbọ́, ẹ ó gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe dìdàkudà. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ló bí Monowi ní 1902. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1930, èèyàn 123 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dá àti eruku àwọn ọdún 1930 gba tiwọn lọ. Lẹ́yìn náà ni tírákítọ̀ dé, oko tí ìdílé mẹ́wàá ń ro, ẹnìkan àti ẹ̀rọ rẹ̀ lè ro ó tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn ọmọ lọ sí ìgboro. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kógbá sílé ní 1967, ilé ẹ̀kọ́ ní 1974. Ó ku èèyàn 6 ní 1990. Ní 2000 ó ku 2, ìyá yìí àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ kú ní 2004. Ó ku 1.

Kì í ṣe Monowi nìkan. Gbogbo agbègbè Boyd tó wà nínú rẹ̀, èèyàn 2,099 ló wà níbẹ̀ ní 2010, nígbà tó fi máa di 2020 ó ti di 1,810. Ẹni tó bá sì rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni pápá yìí lé jáde, kó lọ béèrè nípa DeWitty ní agbègbè Cherry, níwọ̀-oòrùn. Láti 1907 ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti lọ gba ilẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ òfin Kinkaid ti 1904, èyí tó fún ẹni tó bá lè gbé orí ilẹ̀ ní éékà 640. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sin màlúù. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, abúlé náà ti túká. Yanrìn ló wà níbẹ̀, kò gba irúgbìn. Òjò tó kọ̀ láti rọ̀ fún òyìnbó, kò rọ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí 2 yẹn.

Ilé iṣẹ́ tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà máa ń tẹ àtẹ jáde fún gbogbo abúlé, bó ti wù kó kéré tó. Èèyàn mélòó, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọjọ́ orí wọn, ẹ̀yà àwọ̀ wọn. Mo ka ti Monowi fún 2010. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Iye èèyàn: 1. Aláwọ̀ funfun: ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin: ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àárín gbùngbùn ọjọ́ orí àwọn ará ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rín náà ni mo ń rín lọ tó fi gé mi lẹ́nu. Ọjọ́ orí ìyá onílé ni mo ń kà yẹn! Wọ́n ṣèlérí fún un lábẹ́ òfin pé ohun tó bá sọ fún òṣìṣẹ́ ìkànìyàn, àṣírí ni fún ọdún 72. Wọ́n pa ìlérí náà mọ́, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kàn tẹ àtẹ ìlú rẹ̀ síta ni. Níbi tí èèyàn bá ti pọ̀, àtẹ jẹ́ ìṣirò. Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ ẹnìkan, òfófó ni.

Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ló dán an wò. Wọ́n kó àwọn àtẹ 2010 tí gbogbo ayé ń rí, wọ́n fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n padà sẹ́yìn títí wọ́n fi rí ojú èèyàn nínú wọn, wọ́n wá fi wé àkọsílẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dá èèyàn tó tó mílíọ̀nù 52 mọ̀. Nígbà tí 2020 fi máa dé, wọ́n ti rí ọgbọ́n mìíràn ta. Wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìwọ̀nba irọ́ díẹ̀ pọ̀ mọ́ òótọ́ kí àtẹ tó jáde. Ariwo ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn. Àpapọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ yí, torí òun ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Nebraska ní èèyàn 1,961,504, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀, wọ́n lè bù sí ibí, kí wọ́n bù kúrò lọ́hùn-ún. Ẹnì kejì Monowi, inú ariwo ló ti wá. Kò ní ilé, kò ní orúkọ. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe, láti fi bo ìyá.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ni mo rántí ìyá ìyá mi.

Oṣù kẹta ọdún 2006 ni, nígbà ìkànìyàn tó kẹ́yìn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Ìbàdàn là ń gbé. Bàbá mi ní àfi kí gbogbo wa lọ sí abúlé lọ́nà Ìkirè kí wọ́n lè kà wá mọ́ àwọn ará ilé, kí ìjọba má baà rò pé ìgbẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìdílé ló ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ilé tó jẹ́ pé màmá àgbà, ọmọ ọ̀dọ̀ kan àti ewúrẹ́ ló ń gbé e láti ọdún dé ọdún, a kún un dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin kan dé pẹ̀lú báàgì àti ìwé. Ó fi mákà kọ nọ́ńbà sára ògiri, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún un ní àpótí. Ó béèrè orúkọ, ó béèrè ọjọ́ orí. Kò tíì sí wàhálà. Ó wá dé ibi tó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mélòó lẹ bí?”

Màmá àgbà ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè.

“Ta ló rán ẹ?”

“Ìjọba ni, Màmá.”

“O bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé àwọn tí Ọlọ́run fún mi ni mo ní.”

Ọmọkùnrin náà wo bàbá mi. Bàbá mi wo òkè. Màmá ń bó ẹ̀gúsí lọ. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí, tí mẹ́rin sì ti lọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìgbà tí mo kéré, mo rò pé ẹ̀rù àjẹ́ lásán ni. Lónìí, mo rò pé Màmá mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà wá: bí agbo bá ti kéré, iye kì í ṣe iye mọ́, ojú èèyàn ni. Ẹni tó bá gbọ́ mẹ́sàn-án yóò béèrè márùn-ún tó kù, yóò sì béèrè ibi tí mẹ́rin lọ.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Ìwé ìkànìyàn 2006 tiwa kò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn. Wọ́n yọ méjèèjì kúrò nítorí ìjà. Síbẹ̀, a jà. Nígbà tí èsì jáde pé Kano ní 9,401,288, tí Èkó sì ní 9,113,605, ìjọba Èkó ní irọ́ ni, àwọn kà tiwọn, ó lé ní mílíọ̀nù 17. Ní ọ̀dọ̀ wa, ariwo kì í ṣe láti fi bo ẹnikẹ́ni.

Àwọ̀ ní tirẹ̀, láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti ń ka èèyàn ló ti ń béèrè. Ní 1790, wọ́n ka aláwọ̀ funfun tó lómìnira, wọ́n ka àwọn olómìnira yòókù, wọ́n ka ẹrú. Òfin ní kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún sí mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ń pín ìjókòó. Nígbà tó di 1850 àti 1860, orúkọ olówó ẹrú ni wọ́n kọ sókè, ẹrú wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀. Wọn kò kọ orúkọ wọn. Àwọn èèyàn wa wà nínú ìlà wọ̀nyẹn. Mo ti jókòó lójú kọ̀ǹpútà lóru rí, mo ń wo àwòrán àwọn ewé ìwé yẹn: obìnrin, 34, dúdú. Ọmọdé, 2, dúdú. Àtẹ tó fi àwọ̀ hàn tó sì fi èèyàn pamọ́. Ìkọ̀kọ̀ yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá sì ní kí ni iye lásán lè ṣe, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ Japan. Ní 1942, àtẹ ìkànìyàn ló fi ibi tí wọ́n pọ̀ sí han àwọn sójà, àdúgbò sí àdúgbò. Wọ́n kó nǹkan bí 120,000 lọ sí àgọ́.

Monowi jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún funfun, mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ń kọ́? Wọ́n ní òdòdó ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè àwọn tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àwọn Ponca ló ń gbé ẹnu odò Niobrara, ibi tí mo gbà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ní 1877, ìjọba lé wọn lọ sí ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Oklahoma lónìí. Ọ̀pọ̀ kú. Olóyè kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Standing Bear. Ọmọkùnrin rẹ̀ wà lára àwọn tó kú, ọmọ náà sì ti bẹ baba rẹ̀ pé kó lọ sin òun sílé, sí etí odò Niobrara. Baba di egungun ọmọ rẹ̀, òun àti nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn gbéra nínú òtútù oṣù kìíní 1879, wọ́n forí lé àríwá. Kí wọ́n tó dé ilé, àwọn sójà mú wọn.

Omaha tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ọkùnrin náà kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́, torí pé lójú òfin, kì í ṣe èèyàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 1879, adájọ́ Elmer Dundy dájọ́ pé èèyàn ni. Ilé ẹjọ́ ló sọ ọ́ di èèyàn, ó sì lọ sin ọmọ rẹ̀.

Ó tún kù. Ní 1966, ìjọba àpapọ̀ pa àwọn Ponca ti Nebraska rẹ́ kúrò nínú ìwé. Wọ́n ní kò sí ẹ̀yà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ní kò sí wà nílé wọn, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sanwó iná. Ní 1990, ìjọba yí ọkàn padà, ó ní wọ́n wà. Lójú tèmi, èyí ya ni lẹ́nu ju ẹnì kejì Monowi lọ. Bí ìjọba bá lè fi gègé pa odindi ẹ̀yà rẹ́, kó sì tún fi gègé dá wọn padà, kí ni ìyanu nínú ẹnìkan tí kò sí tó wọ àtẹ?

Èmi náà kọ fọ́ọ̀mù 2020. Orí fóònù ni mo ti kọ ọ́, nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Mo dé ibi àwọ̀, mo tẹ dúdú. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ dúdú kéèyàn kọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì kọ àpẹẹrẹ síbẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ ohun tó máa kọ. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àpẹẹrẹ náà. Mo pe ìyàwó mi, mo ní ẹ wá wò ó, wọ́n ti dárúkọ wa. Ó wo fóònù, ó ní, “Ẹ̀yin, ẹ parí ẹ jàre, oúnjẹ ń tutù.” Mo nu Nàìjíríà tí mo kọ́kọ́ kọ, mo kọ Yorùbá. Nígbà tí èsì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó pe ara wọn ní ọmọ Nàìjíríà lé ní 600,000, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà gúúsù Sàhárà mìíràn tó pọ̀ tó wa. Inú mi dùn, mo tún bínú sí ara mi díẹ̀ pé orúkọ yẹn kọ́ ni mo kọ.

Ìwọ̀nyí ni mo ń rò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní Monowi, títí búrẹ́dì fi tán. Mo wá rí i pé bí ìyá bá wà nínú ilé rẹ̀, tí èmi sì wà níta níbí, èèyàn méjì ló wà nílùú. Irọ́ tí ìjọba tẹ̀ jáde ti di òótọ́ nítorí pé mo gbàgbé pé ọjọ́ Ajé ni. Ìdajì ìlú jẹ́ funfun, ìdajì jẹ́ dúdú. Ìdajì obìnrin, ìdajì ọkùnrin. Ìdajì ló ń sọ Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín sókè, afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Mo ronú àtilọ kan ilẹ̀kùn ilé tó dà bíi pé ẹnìkan ń gbé e, kí n kí wọn, kí n sọ pé Omaha ni mo ti wá. Mo rántí àtẹ yẹn, mo rántí ẹ̀gúsí Màmá àgbà. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Pikọ́ọ̀pù kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Lynch. Bàbá tó wà nínú rẹ̀ kò dẹwọ́ eré, ó kàn gbé ìka kan sókè lórí ìtọ́kọ̀ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń kíni. Mo juwọ́ sí i. Mo gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára ṣòkòtò, mo wọ ọkọ̀, mo yí padà. Mo wo dígí lẹ́yìn tí mo kọjá bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, páànù lásán, wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.